Eku Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìròyìn

Òórùn yíǹkì ìwé ìròyìn tuntun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, láàárọ̀, kí èéfín ọkọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. O mọ ibi tí mò ń sọ: ibi tí ọ̀nà ti ń yà gòkè lọ sí Màpó, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan tí wọ́n ti tì pa. Abẹ́ agbòjò aláwọ̀ búlúù kan ni ọkùnrin oníwèé ìròyìn ń tẹ́ ọjà rẹ̀ sí, lórí pátákó tó gbé lé táyà ọkọ̀ méjì. Òkúta ló fi ń tẹ àwọn ìwé náà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn. Àwa tí a kì í ra ìwé máa ń dúró yí i ká, a ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, a ó sì máa dá sí ọ̀rọ̀ ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ láti ṣí ìwé, ọkùnrin náà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìloro lọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá, kó sanwó."

Nígbà náà, mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn bọ̀ láti ìgbà tí a ṣì ń fi tépù gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò tí mo wà fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ láti sọ ìròyìn sáyẹ́ǹsì àti ti ẹ̀rọ ìgbàlódé ní èdè Yorùbá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń wá wọn. Èdè òyìnbó ni wọ́n wà, mo sì ń túmọ̀ wọn bí mo ṣe ń kà wọ́n lọ, n kì í kọ wọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ètò náà, mo máa ń gba Bẹẹrẹ kọjá kí n lè gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ní í sọ. Kí n má parọ́ fún ọ, abẹ́ agbòjò yẹn dùn mọ́ mi ju inú sítúdíò lọ. Ní sítúdíò, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀. Lábẹ́ agbòjò, kò sí ẹni tí kò ní èrò tirẹ̀ nípa òṣùpá, nípa òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nípa ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn.

"O ní ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀," tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Tó bá wá kọ ìkọkúkọ, ta la ó nà?"

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà níwèé ni," oníwèé ìròyìn dá a lóhùn.

Baba kan wà láàárín wa tó ń ti àdúgbò Bẹyẹrunká wá. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń kó ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá, iṣẹ́ tí baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀ ti ṣe nínú agboolé kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ṣe agbádá fún òun gbọ́dọ̀ dúró oṣù méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kó ọnà sára aṣọ ti dé ọjà Òjé nígbà náà, agbádá mẹ́ta ló ń ṣe láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. A bi baba náà bóyá ẹ̀rọ yìí kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn dáa. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo agbádá tó bá ṣe, ìbejì ni wọ́n." Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bẹ oníwèé ìròyìn kí ó bá òun tọ́jú ohùn náà sínú fóònù. Láti ìgbà yẹn ni kò ti pa ètò mi jẹ mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fún wa. Ó ní òwú ń sá fún abẹ́rẹ́, ó sì dà bí ẹni pé inú páìpù omi ni òun ti ń wo ayé. Dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba ti ṣàlàyé fún un pé omi inú ojú rẹ̀ ń fún iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ pa, díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Èyí tó kù ni ti ọ̀tún, oògùn tí ó ń kán sí i kò sì ká a mọ́, àfi kí wọ́n ṣe operéṣọ̀n. Wọ́n ti fún un ní ọjọ́. Dókítà kò tàn án: ó ní iṣẹ́ abẹ náà kò ní dá èyí tó ti lọ padà, pé ó kàn máa dáàbò bo èyí tó ṣẹ́kù ni. Baba sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo rántí bó ṣe sọ ọ́, ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ funfun kan tó ń lò bí ìnujú. "Èyí tó kù yìí tó mi. Alihamudu lilahi."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ eku fún ọ báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìròyìn ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara eku ni wọ́n ti ń dán an wò. Níbẹ̀rẹ̀ ètò mi, mo máa ń sọ ọ́: wọ́n fún eku ní oògùn yìí, eku náà sì rí báyìí. Ní ọjọ́ kan, olùgbọ́ kan pè wá láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ní, "Ẹ̀yin ará rédíò, ṣé eku ló ń gbọ́ yín ni? Ẹ jẹ́ á mọ̀, ká gbé rédíò sílé fún wọn ká máa bá tiwa lọ." Gbogbo sítúdíò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, ó ní, "Yọ eku kúrò. Ẹni tó bá ti gbọ́ eku á yí rédíò rẹ̀ síbòmíràn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ìwádìí ìbẹ̀rẹ̀" rọ́pò eku. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá ní làákàyè á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ operéṣọ̀n baba, mo rí ìròyìn kan nípa ojú, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé jáde nígbàkigbà. Wọ́n ti fi oògùn kan sí ojú eku tí iṣan rẹ̀ ti ń kú, eku náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Ìpolówó ọjà ti jẹ nínú àkókò mi lọ́jọ́ náà, ó ku ìṣẹ́jú kan péré. Mo wá kà á báyìí: "Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí oògùn tó ń dá ìríran padà fún ojú tí iṣan rẹ̀ ti ń kú lọ." Kò sí eku níbẹ̀, kò sí "ìwádìí ìbẹ̀rẹ̀" níbẹ̀. Mo fi ohùn tó dára kà á. Mo mọ ohùn náà, iṣẹ́ mi ni.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, baba dé abẹ́ agbòjò nínú jalabíà funfun, ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Oníwèé ìròyìn ti tọ́jú ohùn mi sínú fóònù rẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àdúgbò. Baba ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́rin. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ pátákó.

"Akọ̀ròyìn, oògùn tó o sọ lánàá yìí, ojú bíi tèmi ni?"

"Bíi tiyín gan-an ni, Baba."

"Ó ń dá èyí tó ti lọ padà?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, sà."

"Ohun tó ń kó mi láyà sókè ni pé, bí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ kan ojú yìí, ṣé oògùn náà á tún ráyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó bá dé?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n bá ti là, kò tún lè rí bí èyí tí wọn kò là. N kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń wo ẹnu mi, èmi ni mo sì mú ìròyìn náà wá.

Mo ní, "Baba, tó bá jẹ́ èmi ni, màá ní sùúrù díẹ̀ ná. Ayé ń yára. Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún lónìí, kí ọdún tó yí po, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa."

Tíṣà àgbà ta kò mí. Ó ní, "Baba, ẹ lọ bi dókítà yín o. Ọ̀rọ̀ ojú kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́ agbòjò."

Mo dá a lóhùn, "Tíṣà, ṣé ẹ ti rí alápatà tó sọ fún màlúù rí pé kó máa lọ sílé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníwèé ìròyìn fọwọ́ lu pátákó rẹ̀. Baba náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ń fi ẹsẹ̀ wá etí kòtò kí ó tó gbé e. Èmi sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, mo ra iṣu. Mo rántí iṣu yẹn dáadáa, nítorí pé gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà alápatà tí mo dá.

Fún oṣù bíi mélòó kan, ìbéèrè kan náà ni baba máa ń bi mí. "Ó ti dé Èkó?" Màá ní kò tíì dé. "Wọ́n á kọ́kọ́ kó o lọ sí Èkó ni," yóò sọ fún ara rẹ̀, "kó tó wá kan Ìbàdàn." Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bi mí rárá bóyá oògùn náà wà. N kò sì bi í bóyá ó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé mo mọ̀. Ẹni tó bá ṣe operéṣọ̀n ojú máa ń fi nǹkan bo ojú fún ìgbà díẹ̀, n kò sì rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò wá mọ́. N kò lè sọ fún ọ pé ọ̀sẹ̀ báyìí ni mo tó fura. Òjò ti ń rọ̀, ètò ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà, iṣẹ́ pọ̀. Oníwèé ìròyìn ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan bó ṣe ń ka owó fún oníbàárà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ojú Baba Bẹyẹrunká ti lọ o. Méjèèjì. Ọmọ wọn ló sọ fún mi."

Ilé iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, n kò lọ sí Bẹyẹrunká. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi, mo ní mo fẹ́ tún ìròyìn ojú ìjọsí ṣe.

"Ta ló pè pé a ṣì í?" ó bi mí.

"Kò sí ẹni tó pè."

"Ìròyìn tó ti pẹ́ tó yìí? Fún ta lo fẹ́ tún un ṣe?"

Ó fún mi ní àyè ìṣẹ́jú kan, nígbà tó rí i pé n kò kúrò níwájú òun. Mo kà á ní Ọjọ́bọ̀: mo ní ara eku ni wọ́n ti dán oògùn náà wò, pé kò sí ìkankan nínú rẹ̀ fún ènìyàn, pé kí ẹni tí dókítà bá fún ní ọjọ́ má ṣe pa ọjọ́ náà jẹ. Èmi fúnra mi gbọ́ pé ohùn tí mo fi kà á kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Ẹni mẹ́ta ló pè lẹ́yìn ètò náà. Ẹni kìíní ń bèèrè ìdí tí dátà fi ń tètè tán. Ẹni kejì náà, dátà. Ẹni kẹta ń kí ìyá rẹ̀ kú ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí ẹni tó tọ́jú ohùn kejì yẹn sínú fóònù. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń rìn káàkiri. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí èmi gan-an lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lọ sí Bẹyẹrunká. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, ó wà lẹ́yìn ilé epo kan, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga, mo ní láti tẹrí ba. Ọmọbìnrin baba ni mo bá ní ìloro. Mọ́lété ló ti ń ta ọjà, ṣùgbọ́n ó ti ń tètè kógbá sílé látìgbà tí ojú baba ti lọ. Ó mọ ohùn mi kí n tó dárúkọ ara mi. Kò bú mi. Ìbá sàn tó bá bú mi. Ó dúró ti ògiri, ó sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́, èmi tí mo ti gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ láti ìgbà èwe mi sì gbọ́ ọ láìfọwọ́ kan bírò.

Ó ní, "Ọjọ́ operéṣọ̀n yẹn, kẹ̀kẹ́ ti dúró níta. Bàbá wọṣọ tán, wọ́n tún bọ́ ọ. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.' Wọ́n ní akọ̀ròyìn ní ká ní sùúrù. Wọ́n gbé fóònù sí mi létí, wọ́n ní kí n gbọ́ ohùn yín, pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí kò lè máa sọ ohun tí kò mọ̀." Ó tún ní, "Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí ló dé tí n kò ṣí fèrèsé. Mo ti ṣí i tipẹ́, sà."

Baba jókòó sórí ẹní ní yàrá, agbádá kan wà lórí itan rẹ̀ tí iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ kò kọjá ìdajì. Ẹni tó ni ín ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí Òjé kí ẹ̀rọ parí rẹ̀, baba kò tíì gbà. Ìka rẹ̀ ń lọ lórí ibi tó ti ṣe, ó dúró níbi tí òwú ti tán, ó tún padà. Ó gbọ́ ìkíni mi, ojú rẹ̀ yí sí mi, ó fi díẹ̀ ṣì mí.

"Akọ̀ròyìn. O káre. Oògùn yẹn ńkọ́?"

Mo ti ro ohun tí màá sọ láti Bẹẹrẹ wá. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo ní ara eku ni. Mo ní wọn kò tíì dán an wò lára ènìyàn kankan nígbà tí mo ka ìròyìn náà. Mo ní kò sí ní Èkó, kò sì sí ní ìlú òyìnbó. Mo tún ní, nígbà tí n kò rí ohun mìíràn sọ, pé dókítà ló tọ̀nà.

"Eku," ni baba wí. Ó wí i jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé baba fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó máa ń rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tó o kà á yẹn," ó wí, "ìwọ mọ̀ pé eku ni?"

"Mo mọ̀, sà."

"Nígbà tí mo bi ọ́ ní Bẹẹrẹ ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó ká agbádá orí itan rẹ̀, etí mọ́ etí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó sì nà án sí ibi tó rò pé ọmọ rẹ̀ wà. "Gbé e lọ fún àwọn ẹlẹ́rọ," ó wí fún un. Nígbà tí mo dìde tí mo sì kí i pé ó dàárọ̀, kò dáhùn. Ọmọbìnrin náà sìn mí dé ìloro, agbádá náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kò parọ́ fún wọn, sà," ó wí. "Ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ ni." N kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ tù mí nínú ni. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà, kò tíì tù mí nínú lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbéèrè tí baba bi mí. Mo bi kọ́ńgílá tí òrùlé tó kàn wó. Mo bi olóyè. Mo bi ọlọ́pàá. Ṣé ẹ mọ̀? Wọ́n máa ń ní àwọn kò mọ̀, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn, torí mo gbà pé olóòótọ́ á ní òun mọ̀. Èmi náà wá sọ òótọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Bẹyẹrunká, kò sì sí ẹni tó jàǹfààní rẹ̀. Òótọ́ náà ti pẹ́ dé jù. Ẹni tó parọ́ mọ ohun tí òun ń wá, ó sì lè tọrọ àforíjì fún un. Kí ni èmi ń wá? N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ baba yẹn, n kò bá a ṣọ̀tá. Mo kàn fẹ́ ní ohun tí màá sọ ni. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún un ló fi lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Èmi kò fi nǹkan kan lé e.